Uswat, Má Fọwọ́ Sí Ìwé Onímọ́tò Yẹn

Abúlé Ìdí-Ẹ̀mí,
Ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Àìkú.

Uswat ọmọ mi, Àkànkẹ́,

Àsàlámù àlàékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà ní Agége níbẹ̀? Ṣé o ń jẹun? Má parọ́ fún mi, nítorí ohùn rẹ lórí fóònù lọ́jọ́rú tó kọjá dà bí ohùn ẹni tó ti fi gààrí nìkan gbé ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run Ọba tó dá ọ sí títí di òní kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, ẹni tó bá sì ní kí o má rìn, o ó sáré kọjá lójú rẹ̀, àmín. Èmi náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ó dùn mí débi pé mo ti gbàgbé èyí tòsì. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ni, akọ kan, abo kan. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ògiri ilé ìdáná sì ti wó díẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ògiri ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Nítorí mọ́tò rẹ ni. Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́, nítorí bí mo bá gbọ́ tí o ń sunkún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀, káàdì á sì tán kí a tó sọ ohun kan tó ní láárí. Ìwé kì í sunkún. Àwọn onímọ́tò yẹn náà, ṣebí ìwé ni wọ́n ń fẹ́? Ìwé ni mo ń kọ yìí, màá sì fi rán dẹ́rẹ́bà sí ọ lọ́la.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí o ṣe sọ ọ́, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. O ní mọ́tò tí o fi ń gbé èrò, tí fóònù rẹ ń ṣe agbèrò rẹ̀, tó ń bá ọ pe èrò láti ibi tí ojú kò tó, mọ́tò tí a ta oko kajú bàbá rẹ kí a tó rí i rà ní tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá, o ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ pariwo gbàgà lójú ọ̀nà Ọgbà, ó rú èéfín, ó sì kú pátápátá. O ní o wọ́ ọ lọ sí ilé iṣẹ́ tó tà á fún wa ní Ìkẹjà, o sì mú ìwé wàráńtì jáde, èyí tí àwọn fúnra wọn kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ẹ́ńjìnì bá bàjẹ́ kí ọdún mẹ́ta tó pé, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin onítáì kan wá wo kọ̀ǹpútà, ó ní kọ̀ǹpútà sọ pé o kò fẹjọ́ ọ́ìlì sun àwọn rí, pé ìwọ lo jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ nínú ẹ́ńjìnì, nítorí náà kò sí wàráńtì fún ọ mọ́. Ó ní kí o fọwọ́ sí ìwé kan pé àìbìkítà rẹ ló pa ẹ́ńjìnì. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á ṣàánú rẹ, wọ́n á ta ẹ́ńjìnì mìíràn fún ọ ní ìdajì owó. Bí o kò bá sì fọwọ́ sí i títí Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí o wá wọ́ òkú mọ́tò rẹ kúrò nínú ọgbà wọn. O ní ó ti rẹ̀ ọ́, pé o fẹ́ fọwọ́ sí i.

Má fọwọ́ sí i. Èmi Sùlíyá ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ta ni kọ̀ǹpútà? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí o lọ fẹjọ́ ọ́ìlì sun wọ́n ni? Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí mọ́ ọmọ mi, kó dúró síwájú mi, kó fi Àlùkùránì búra. Ìwọ náà lo mú mi gba ọjà kọ̀ǹpútà wọn kọjá ní Ìkẹjà lọ́jọ́sí, tí wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta iṣu, tí àwọn ọkùnrin jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ń tú ìfun rẹ̀ síta, tí wọ́n ń fi irin gbígbóná tọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń tú nífun báyẹn ló wá di ẹlẹ́rìí tó lágbára ju ènìyàn lọ? Kí wọ́n gbé tiwọn náà lọ sí ọjà yẹn kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, bóyá ibi tó ń fi irọ́ pamọ́ sí ló kún.

Èmi fúnra mi ti pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀dà ìwé wàráńtì tí o fi sínú àpótí mi. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó sọ gẹ̀ẹ́sì lọ rẹrẹ, ó wá fi Yorùbá sọ pé kí n tẹ eéjì. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kí i, mo bèèrè ọkọ àti àwọn ọmọ, kò dáhùn, ó ṣáà ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn gan-an. Ó fi orin sí i fún mi, mo rò pé ó fẹ́ lọ pe ọ̀gá rẹ̀ ni. Orin náà kò dára. Ó tún dé, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì. Nígbà kẹfà tó sọ ọ́ ni mo sọ fún un pé màmá, bí ọ̀rọ̀ ènìyàn bá ṣe pàtàkì síni, a máa ń dá a lóhùn ni. Ibẹ̀ ni káàdì mi tán sí. Mi ò bá a jà púpọ̀ o, àánú rẹ̀ ṣe mí, ó jọ pé wọn kì í jẹ́ kó dìde lórí àga yẹn.

Ó wá ku ohun tó ń gún mi láyà, màá sọ ọ́ fún ọ. Àwọn gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó ṣófo tí o máa ń fi rán dẹ́rẹ́bà sí mi, mo fẹ́ràn wọn ju ẹran Iléyá lọ. Ní abúlé yìí, ta ló ní gálọ́ọ̀nù tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin bẹ́ẹ̀? Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, mo kó irúgbìn àgbàdo sí òmíràn, mo rọ epo pupa sí òmíràn, mo yá àwọn aládùúgbò, wọ́n sì ń kí mi ní Ìyá Onígálọ́ọ̀nù. Nígbà tí o bá pè pé mọ́tò tún ti mu ọ́ìlì tán, mo máa ń dúpẹ́ ni. Mo ní ẹni tó bá ń jẹun dáadáa, ara rẹ̀ le nìyẹn. Nígbà tí oṣù kan kọjá tí gálọ́ọ̀nù kò dé, mo tiẹ̀ ṣe àdúà pé kí Ọlọ́run la ọ̀fun mọ́tò náà. Àdúà mi ló gbà yẹn. Dárí jì mí, ọmọ mi. Stella ló là mí lójú, agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní ọ́ìlì kì í ṣe oúnjẹ mọ́tò, bẹntiróòlù loúnjẹ rẹ̀, pé ńṣe ni ọ́ìlì yẹ kó wà nínú ẹ́ńjìnì bí mùdùnmúdùn ṣe wà nínú eegun. Ó ní mọ́tò tuntun tó bá ń mu gálọ́ọ̀nù kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àìsàn ni wọ́n bí mọ́ ọn láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́.

Mo jókòó, mo rò ó. Bí wọ́n bá ní o kò fún mọ́tò ní ọ́ìlì, gálọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá tó wà ní abúlé yìí ńkọ́, ṣé omi òjò ló wà nínú wọn tẹ́lẹ̀? Lọ́jọ́bọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n padà láti ilé dé ilé. Ìyá Suara ti rọ oyin sínú tirẹ̀, ó ní kí n dúró kí oyin tà. Mo ní oyin lè dúró, ọmọ mi kò lè dúró. A pariwo díẹ̀, ó bú ẹsẹ̀ mi, mo bú imú rẹ̀, ó sì da oyin náà sínú ìkòkò, ó bù mí ní ife kan kí n tó lọ. Bí mo ṣe kó mẹ́tàlá jọ nìyẹn.

Èyí tó ṣẹ́kù ni àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́. Bó ṣe dé, tí mi ò tíì fọ̀ ọ́, ni mo ti fi ṣe sàdáká ní mọ́ṣáláṣí kí Ọlọ́run lè máa ṣọ́ mọ́tò, wọ́n sì ti sọ ọ́ di bútà àlùwàlá. Lémọ́ọ̀mù ní a kì í gba sàdáká padà. Mo ní mi ò gbà á padà, mo fẹ́ kó wá jẹ́rìí ni. Ó ní ohun tó ti di ti Ọlọ́run kì í bá ènìyàn rojọ́. Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ ni Stella tó tẹ̀lé mi ti gbé gálọ́ọ̀nù náà dojú dé, ó sì rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Lémọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló fi sẹ̀lótéèpù bò ó, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó rò pé orúkọ ẹni tó ṣe sàdáká ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sì fẹ́ kí omi pa á rẹ́.

Stella kà á sókè. Nọ́ńbà mọ́tò rẹ wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí o lọ bá wọn, oṣù karùn-ún péré lẹ́yìn tí a ra mọ́tò. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ pé oníbàárà fẹjọ́ sùn pé mọ́tò ń mu ọ́ìlì, pé àwọn ti rọ gálọ́ọ̀nù kan sí i, pé kò sí wàhálà, bí mọ́tò tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ó máa rọ ọ́ kún un. Ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn lé e. Uswat, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i! Gbogbo ìgbà tí onítáì yẹn ń wá ọ tì nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà ní ìdí bútà, àwọn èèyàn wa ń fi fọ ẹsẹ̀. Inú bí Lémọ́ọ̀mù jù mí lọ. Ó ní gálọ́ọ̀nù náà lè rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ni yóò wà ní àlọ àti àbọ̀.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé ìdajì owó sàn ju òfo lọ, pé kí n jẹ́ kí o rí iṣẹ́ ṣe. Gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. O ṣì kéré nígbà tí àwọn kan wá wọn ilẹ̀ bàbá rẹ tó wà lẹ́bàá odò, wọ́n ní kó tẹ̀ka sí ìwé, pé kò ju àmì pé wọ́n wá lọ. Bàbá rẹ kò mọ̀wé. Ọkùnrin kan di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a rí ẹni tó kà á fún wa, tó ní bàbá rẹ ti jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ló ni ilẹ̀. Ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ló dùn ún jù. Bó bá jókòó, àtàǹpàkò yẹn ni yóò máa wò, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ń wò ó títí ó fi kú. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi ọjọ́ ogbó lọ jókòó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìdajì owó tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ yẹn, orúkọ rẹ ni wọ́n fẹ́ fi rà. Bí wọ́n bá rí ìwé wọn tán tí wọ́n ṣì kọ̀, kí wọ́n kọ̀. A ó lọ sí ibi tó bá tún kù láti lọ. A ti jẹ gààrí rí, kò pa wá.

Lọ́jọ́rú ni èmi àti Lémọ́ọ̀mù yóò gbéra, a ó sùn lọ́dọ̀ rẹ. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́bọ̀, a ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, nítorí Lémọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà wá kírun Jímọ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta ránṣẹ́, ẹnì kẹta ni àwọn gálọ́ọ̀nù, dẹ́rẹ́bà ní wọn yóò gba àyè ènìyàn. Fi owó bútà tuntun kún un, kí àwọn tó kù nílé má baà máa fi abọ́ bu omi. Fóònù Stella ni kí o fi í sí. Bánkì inú fóònù tèmi ń bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo sì ti sọ fún un pé bí mo bá sọ ọ́ fún un, kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́. Àwa méjèèjì ṣì ń wo ara wa.

Ọlọ́run á gbè ọ́. Ojú kò ní tì ọ́ níwájú onítáì. Ohun tí a fi òógùn bàbá rẹ rà kò ní di àwátì mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ọkàn rẹ bá rẹ̀wẹ̀sì kí Ọjọ́rú tó pé, tí wọ́n sì gbé bírò lé ọ lọ́wọ́, gbé e padà fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sọ pé màmá rẹ ń bọ̀ wá kà á ná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sùlíyá Àdùnní Nùréènì.
Mo fọwọ́ sí i fúnra mi. Kò sẹ́ni tó dì mí lọ́wọ́ mú.