Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Yàrá Ìkẹ́rùsí

                                        Yàrá Òkè, Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ bàbá yín lẹ́nu, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Ara mi le, iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ, inú mi sì dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ. Ìdùnnú ìkà ni, mo jẹ́wọ́.

O mọ bí mo ṣe ń pín ara mi sí méjì. Lọ́jọ́rú, àwa márùn-ún á jókòó sídìí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, a ó da dáìsì, oníkálùkù á máa sọ ohun tí ẹni inú ìtàn tirẹ̀ ṣe. Ní Sátidé, mo ń sáré kiri ilé-iṣẹ́ bíríkì àtijọ́ pẹ̀lú ìbọn ìṣeré tó ń yin kóró ike. Èmi ni mo ń ṣètò eré méjèèjì. Kí ọ̀kan má baà pa èkejì lára, orí tábìlì ni mo kọ́kọ́ ń dán eré orí pápá wò. Ibi tó bá ti já, mo máa ń kọ àtúnṣe sórí pépà kékeré, n ó sì fi píìnì há a mọ́ ojú ìwé náà, bí mo ṣe máa ń há aṣọ tó bá fẹ̀ jù.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, oníṣẹ́ iná tí gbogbo ẹgbẹ́ eré ìbọn wa ń pè ní Ọ̀gágun, ni olórí wa lórí pápá. Má bínú pé n kò pè é ní “wọn”. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lọ́wọ́ mi. Ó wá tún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo jáde lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ó ṣí dúrọ́ọ̀ mi, ó sì fi fóònù ya ìwé eré tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ. Oṣù kejì ló kà á sí ẹgbẹ́ létí bí iṣẹ́ ọpọlọ tirẹ̀. Fóònù ló ń wò kà á, mo sì rí ìkọ̀wé mi níbẹ̀. Ọgbọ̀n ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wò mí lójú, ó ní àwọn tó ń jókòó da dáìsì kò tíì dàgbà.

N kò tú àṣírí rẹ̀, torí mo ti rí ohun kan: nígbà tó ya ìwé náà, n kò tíì há àtúnṣe kankan mọ́ ọn.

Ní Sátidé tó kọjá tí a ṣe eré náà, ó fi ara rẹ̀ ṣe olórí, èmi sì wà láàárín àwọn alátakò. Òfin ìparí ló mú un. Olórí kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá ìkẹ́rùsí títí alátakò kan yóò fi fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Lórí tábìlì wa, kíá ni òfin náà já: alápatà tó wà láàárín wa kàn ní òun ò lọ síbẹ̀, ó ń mu tíì rẹ̀ lọ. Nítorí náà, mo sọ fún àwa alátakò Ọ̀gágun pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn. A yìnbọn pa gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ tán, a jókòó, à ń jẹ búrẹ́dì. Ó wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, pẹ̀lú akoto, ìbòjú àti ẹ̀wù tó nípọn.

Wákàtí kan kọjá. Ó ní òun ti yí òfin náà padà. Ẹgbẹ́ ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́: àtúnṣe tí ẹni tó kọ eré bá ti kọ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nìkan la ń gbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ìlànà yẹn kalẹ̀. Wọ́n ní kó fi àtúnṣe hàn. Kò ní ọ̀kankan.

Nígbà tó yá, ó figbe ta: “Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́! Àbúrò ìyàwó mi ló kọ ọ́, mo jí i ni!”

Mo ní n kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ, sókè sí i. Ìgbà yẹn ni mo yọ pépà kékeré kan tí mo ti kọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nínú àpò mi, mo kà á: bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá, olórí lè jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi mọ́, ìyẹn sì ń dùn mí gan-an. Àmọ́ má wulẹ̀ kọ̀wé pé kí n lọ bẹ ọkọ rẹ̀. Bá mi kí bàbá, bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi.

Ọ̀gágun ránṣẹ́ lánàá. Ó ní òun fẹ́ wá bá wa jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́rú. Mo ní kó máa bọ̀. Mo ti kọ ibi tí ìtàn tirẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀: yàrá kan ni, kò sì ní ilẹ̀kùn rárá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé nǹkan,
Abẹ́rẹ́