Yàrá Àwo Orin Ti Di Tìrẹ

Mubarakah, mo ti lọ sí Ìjànìkin. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn rèé. Ọdún méjì tó o ti ń sùn ní pálọ̀ nítorí àwo orin bàbá rẹ ti dópin. A ti borí!

Láàárọ̀ yìí, bàbá rẹ àti Bọ̀ọ̀dá Sagbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó. Bàbá rẹ tún ní etí tó mọ orin kì í gba èyí tí wọ́n dáńlóòdù sórí fóònù.

Mo ní, "Tẹ́ ẹ ò bá wá dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ ńkọ́?"

"Kí Mubarakah gba yàrá tí mo kó àwo sí!"

Ó fa fìlà bojú. A fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbé orin kan náà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Àwo la fi ṣáájú, ó yínmú: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí agolo! Fóònù nìyẹn." Nígbà tó kan èyí tó o dáńlóòdù fún mi lánàá, ó ń mi orí: "Àwo rèé! Mo ń gbọ́ èémí olórin."

Bọ̀ọ̀dá Sagbo di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á: "Akíndé, fóònù ìyàwó rẹ lò ń kí o!"

Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló kó àwo jáde, páálì mẹ́rìndínlógún.

Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń sọ fún àdúgbò pé wáyà ẹ̀rọ olówó ńlá òun ló jẹ́ kí fóònù dún bí àwo. Ṣáà sọ pé òótọ́ ni. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe ń dáńlóòdù. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, kó wá kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ.

Ìyá rẹ.