Táìmù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Já

                                        Ilé Ọlábímtán,
                                        Odò-Èrò,
                                        Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Lois, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Okun ooru, nítorí ooru ọdún yìí kò ṣe é fẹnu sọ. Ṣé ara le? Bàbá Ayọ̀kẹ́mi ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó rìn dé oko? Ayọ̀kẹ́mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Wàá máa wò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ ìwé lóde òní tí fóònù wà. Ọkọ mi ni. Bí mo bá ti gbé fóònù, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ, òun gan-an ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ ewé táìmù tó o gbé wá fún wa láti Mopa ni, lọ́jọ́ tó o gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o sì ṣàlàyé bíi nọ́ọ̀sì: ká má bomi rin ín jù, ká máa já orí ẹ̀ka rẹ̀ lóòrèkóòrè kó lè rú sí i, ká sì máa fi se ọbẹ̀ kí iyọ̀ àti mágì lè dínkù. Gbogbo wa la gbọ́. Èyí tó wu Bàbá Adédùntán, ọkọ mi, níbẹ̀ ló mú.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní sẹkitéríàtì ìjọba ní Lọ́kọ́jà, kò rí ẹni pàṣẹ fún mọ́. Ewé náà dé, ó tún di ọ̀gá. Ó gé kẹ́ẹ̀gì àlòkù sí méjì, ó da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó gbé e sójú oòrùn. Títí débẹ̀, mo yìn ín. Ló bá ra rẹ́jísítà. Ọjọ́ tó bomi rin ín, bó ṣe ga tó lórí rúlà, àlejò tó wá wò ó, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé yìí láìgba àṣẹ." Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àlejò wa kì í rí omi mu àfi bó bá kọ́kọ́ lọ kí táìmù lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ tí mo já ẹ̀ka méjì péré sínú ọbẹ̀, kúẹ̀rì, ìwé ẹ̀sùn bíi ti iṣẹ́ ìjọba, ló kọ sí mi. Lois, mi ò purọ́. Kí n fèsì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí n sọ ìdí tí wọn kò fi ní bá mi wí. Mo kọ ọ́ pé ọkọ mi ni mo fẹ́ sè é fún. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní èsì náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ra táìmù gbígbẹ inú ọ̀rá lọ́jà nìyẹn, tí tútù wà lẹ́yìnkùlé mi. Iyọ̀ ńkọ́? Inú ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni mo ti bá èyí tó ń bù sóúnjẹ ní kọ̀rọ̀. Mo pariwo, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní oúnjẹ tí kò níyọ̀, ti ẹlẹ́wọ̀n ni.

Nínú ọyẹ́ oṣù Kìíní, mo gbọ́ gbì lẹ́yìnkùlé. Òun ló nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì, rúlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè dá mi lóhùn. Babátọ́pẹ́ aládùúgbò wa ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń bá ọkùnrin yìí jà, n kò sì mọ ohun tí mo máa fi ọjọ́ mi ṣe bí kò bá sí níbẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, mo wálé wá dáná. Mo wo táìmù náà. Torí a kò já a, ó ti gan bí ìgbálẹ̀, igi rẹ̀ pọ̀ ju ewé lọ. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e, àfi ìwọ̀nba ewé tó wà nísàlẹ̀. Mo fi se ọbẹ̀ adìẹ, láìsí iyọ̀, láìsí mágì. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó lá àwo, ó ní mágì tuntun wo ni mo rà. Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà ni.

Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún un sunkún lórí ewé. Èmi kò bá a sun. Mo ti sun tèmi tán ní ọsibítù. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, ìkíni "okun" àárọ̀ àti "okun" alẹ́ nìkan ló wà láàárín wa. Nígbà tó di oṣù Kejì, ewé náà rú bó o ṣe sọ gẹ́lẹ́, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yọ ìwé ara ògiri, àmọ́ láràárọ̀ ni mo ń bá ẹ̀ka mẹ́ta lórí tábìlì ìdáná. N kò bi í pé ta ló já a.

Lánàá, nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án, mo ṣí rẹ́jísítà. Mo bá ọjọ́ tí mo gé táìmù níbẹ̀, ó fi bírò pupa kọ ọ́: "Wọ́n gé e. Ẹni tó gé e: ìyàwó mi. Ìdí: kí n má baà kú. Èsì rẹ̀ sí kúẹ̀rì ti tẹ́ mi lọ́rùn." Mo pa á dé, mo jókòó sórí àpótí ìdáná. Àṣé ẹkún tí mo ní mo ti sun tán, ó ṣì ku díẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Ayọ̀kẹ́mi àti gbogbo ìjọ yín. Bí o bá ń bọ̀ nígbà Àjíǹde, má gbé ewé mìíràn wá o. Ọ̀gá kan ti tó wa nínú ilé. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo ka rẹ́jísítà rẹ̀. Ìgò oògùn náà, oògùn ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Mo máa ń mì ín wò.

                                        Èmi ni tìrẹ, láìsí kúẹ̀rì lọ́rùn,
                                        Agatha.