Gọ́ọ̀mù Lashes Ló Ta Mí Lójú, Wọ́n Ní Ẹ̀mí Ló Gbé Mi

Mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí mo ti kọ ọ́ títí, mo tún ń pa á rẹ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, Okitipupa ni mo ń gbé, ìlú yìí ò tóbi, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà lórí page yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bú mi tán ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi, torí ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Aṣọ ni mo ń rán. Inú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìye sì ni Ìyá Ìjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ... kò sí attachment, kò sí tìróò, kò sí èékánná tí wọ́n kùn. Kò tíì pẹ́ tí Ìye yọ ọmọbìnrin kan kúrò nínú choir nítorí èékánná, ọmọ yẹn ń sunkún, èmi gan-an ni mo dúró síbẹ̀ tí mo ní bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn. Èmi náà o!

Ọmọbìnrin kan ló wá gba ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lashes ló ń fix, irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá yẹn. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n jókòó fún òun kí òun fi ojú mi ya fọ́tò tí òun á máa fi polówó. Mo ní rárá. Ká sọ òótọ́, rárá yẹn ò dénú. Ojú mi kéré, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ṣé mo ti jí àbí mo ṣì ń sùn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò fi ojú mi ṣe yẹ̀yẹ́ rí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, tó ń fún àwa àbúrò ọkọ lórúkọ bí ìyàwó ṣe máa ń ṣe, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ló sọ mí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín, orúkọ yẹn náà ló sì ń pè mí títí dòní.

Bí mo ṣe lọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọbìnrin yẹn lọ́sàn-án Saturday nìyẹn. Ó fi téèpù lẹ ìsàlẹ̀ ojú mi, ó ní kí n dijú, ó wá ń fi ẹ̀mú kékeré kan lẹ irun yẹn mọ́ tèmi lẹ́yọ lẹ́yọ, òórùn gọ́ọ̀mù ń ta mí nímú, ojú náà ń ta mí díẹ̀díẹ̀... mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, torí mi ò ṣe é rí. Ìgbà tó gbé dígí fún mi, ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹwà! Mi ò mọ̀ pé mo lè rẹwà bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo ń ṣẹ́jú sí dígí bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí omi má kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi ṣú, kí n má fọwọ́ ra ojú, kí n má fà á, tí mo bá fẹ́ yọ ọ́ kí n padà wá. Mo mọ̀ pé Sunday ni ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ o. Ó yẹ kí n ní kó yọ ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tó ya fọ́tò tán, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kí n lò ó di Monday, ṣé èmi náà ò lè gbádùn ojú ara mi fún ọjọ́ méjì péré ni?

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ojú mi ti wú, ó pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. N kò lè sọ pé ara mi ò yá, torí Ìye á wá wò mí nínú yàrá. Mo fa ìborí mi wálẹ̀ dé iwájú orí, mo sì gbèrò pé mo máa dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìsìn. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi! Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, tí orin bá ti tán tí gbogbo èèyàn ti jókòó, tí ẹnì kan ṣì dijú tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò dá èèyàn lóhùn, a ti gbà pé ó ti bọ́ sínú Ẹ̀mí nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹni tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí, mi ò dáhùn, omi ń ṣàn lójú mi pẹẹrẹpẹ torí gọ́ọ̀mù yẹn ń jó mi, kí n tó mọ̀ wọ́n ti ń lu agogo lé mi lórí, wọ́n ti yí mi ká, wọ́n sì wọ́n omi àdúrà sí mi lójú. Omi yẹn! Mo lọgun, mo gbọ̀n rìrì, gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà.

Ìye ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi tó ní kí ni Olúwa fi hàn mí. Ẹ má rò pé mo fẹ́ parọ́... Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú àwọn àgbà ìjọ ti ń sọ̀rọ̀ sí i, pé Ìyá Ìjọ bímọ títí, kò sí ẹyọ kan tó ń ríran nínú wọn. Ẹkún ń bẹ nínú ohùn rẹ̀. Bí mo bá sì lajú, òun ló máa kọ́kọ́ rí lashes yẹn, lójú gbogbo ìjọ, èmi tí mo jẹ́rìí sí èékánná ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnu mi kàn là, mo ní mo rí ọmọ tuntun kan nínú aṣọ funfun. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, ṣebí ọmọ gbogbo wa ló ń wọ aṣọ funfun?

Fèrèsé ni gbogbo wọn kọjú sí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níta. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, fibroid ló ń dà á láàmú, ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀ mọ́, obìnrin tó bá sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, orí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ti ń bá wa jọ́sìn. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta, ó ń ké Àmín, Àmín, Àmín, títí ohùn fi há a.

Mo sá délé, mo fi àdín pa lashes yẹn, mo ń fà á, tara mi náà bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti ń wọ gíláàsì dúdú, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n ní ògo ló kàn mí lójú! Ìye jó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Tó bá ń pè mí ní ọma mi báyìí, ohùn mìíràn ló fi ń pè mí, mi ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ojú ń tì mí débi pé oúnjẹ tó bá gbé síwájú mi kì í lọ.

Èyí tó burú jù nìyí. Dókítà ti fi iṣẹ́ abẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sí Wednesday yìí, ó ní kò gbọdọ̀ yẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun ò lọ mọ́. Ó ní wọn ò ní fi ọ̀bẹ kan ibi tí Ọlọ́run ti gbé ọmọ pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń bẹ̀ ẹ́ látọjọ́ yìí pé kó lọ ti dákẹ́, kí ló fẹ́ sọ, ṣebí àbúrò òun ló ríran? Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀, mo ní Ọlọ́run náà ló dá dókítà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ṣé mo ti ń ṣiyèméjì sí ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun báláú. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Ṣé ojú tó ń tì mí ló wá tóbi ju ẹ̀mí obìnrin yìí lọ ni? Tí mo bá jẹ́wọ́, báwo ni Ìye á ṣe gbé orí sókè nínú ìjọ yẹn mọ́? Tí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́... tí nǹkan bá ṣe é ńkọ́?

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, ó ń di ògiri mú wọlé, ó sinmi lórí àpótí kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó mú aṣọ funfun kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní kí n bá òun rán sùtánà ọmọ tuntun. Mo bi í pé báwo ni kí n ṣe gé e. Ó ní kí ló dé tí mo ń bi òun, ṣebí èmi ni mo rí ọmọ náà, èmi ni mo mọ bó ṣe tóbi tó.

Ọ̀la ni Wednesday. Aṣọ náà ló wà níwájú mi yìí, mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, òun ni àbí Ìye? Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé mi ò rí ọmọ kankan?