Ilé Bàbá Málọmọ́

Ọjọ́bọ̀, 3 Máàṣì 1988
Kíláàsì mi ni wọ́n ti fún àwọn ọmọ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀fẹ́ — ṣùgbọ́n ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ wa nìkan. Èmi tíṣà ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà, torí mo mọ gbogbo ilé. Mọ́rẹ́, ọmọ mi, ò tíì tó gba ti èéyí. Oṣù méje ló wà; wọ́n ní ó di oṣù mẹ́sàn-án.

Jẹ̀mílátù ẹ̀yìnkùlé wa pọn Málọmọ́ wá, ọmọ ọdún kan. Oníyìnyín (ọ̀gá àwọn alábẹ́rẹ́, tí kì í jẹ́ kí àpótí yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀) bi mí bóyá ọmọ wa ni. Mo ní ilé bàbá rẹ̀ wà ní apá Faransé, lódìkejì ẹnubodè. Òótọ́ ni. Ilé bàbá la fi ń mọ ọmọ.

Jẹ̀mílátù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e lọ́jọ́ ìkómọ ni?" Wọ́n dá a padà.

Ẹtì, 4 Máàṣì
Kátíkíìsì, ọkọ mi, ní mi ò ṣáà purọ́.

Sátidé, 19 Máàṣì
Èéyí ti sú sí Málọmọ́ lára. Ojú pọ́n, ara gbóná. Àná ni òun àti Mọ́rẹ́ jọ ń ṣeré lórí itan mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Sọ́ńdè, 27 Máàṣì
Málọmọ́ kú láàárọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni; imọ̀ ọ̀pẹ la gbé lọ́wọ́, tí à ń kọrin kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ọjọ́bọ̀, 31 Máàṣì
Ara Mọ́rẹ́ gbóná.

Mọ́ńdè, 4 Épírì
Díspẹ́ńsárì tì nítorí Àjíǹde. Kò sí mọ́tò lọ sí Ìlaròó. Kátíkíìsì wà lóde ìwàásù ní Ìlobì. Mọ́rẹ́ ń mí gúlegúle.

Jẹ̀mílátù wọlé, kò kí mi. Ó gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó ní kí n máa bọ̀. Ọ̀nà oko la gbà bọ́ sí apá Faransé.

Lọ́sibítù ibẹ̀, nọ́ọ̀sì ní ọmọ tiwọn làwọn ń tọ́jú. Ó bi wá pé, ọmọ ta nìyí? Mo fẹ́ lanu. Jẹ̀mílátù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ilé bàbá rẹ̀ ò jìnnà síbí. Málọmọ́ lorúkọ rẹ̀."

Wọ́n gbà á. Ìyá ọmọ nìkan, wọ́n ní, ló lè wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Wọ́n ń pe ìyá Málọmọ́ nínú lọ́hùn-ún. Jẹ̀mílátù ń dáhùn.