Apá Tí O Bá Mi Dá Sí

Whalley Range,
Manchester.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2025.

Mọ̀nsúrát ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Ìlọrin. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ láti gba ìwé mi lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Jọ̀ọ́, má tíì ya á. Kà á dópin ná.

Mo ti di kóòṣì àgbà o. Èmi Dùnsìn tí ń ju bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, tí ìwọ ń lóṣòó hán an! Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, màá lọ máa bá wọn ru àpò bọ́ọ̀lù, màá fọ jẹ́sì. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n sọ mí di igbákejì kóòṣì. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kan kó ẹgbẹ́ sọ́fútùbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin wọn lé mi lọ́wọ́. Pásítọ̀ wa dúpẹ́ lórí mi, ṣùgbọ́n títí dòní wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, wọn ò mọ̀ pé èyí tí à ń jù, tí à ń fi igi gbá ni.

Lọ́dún tó kọjá ni Àánúolúwa dé, ọmọ ará Ṣàgámù tí wọ́n bí síbí. Apá rẹ̀ yá ju tèmi ayé ọjọ́sí lọ, mi ò ní purọ́. Ìyá rẹ̀ mú un wá bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, "Aunty, ẹ bá mi mójú tó o. Mo ti kọ́ ọ nílé, kì í já àgbà níyàn." Òótọ́ ni. Níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá, á kúnlẹ̀ kí mi, orí mi á wú. Chloe, ọmọ òyìnbó tí òun náà ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Coach, my arm's killing me, I'm done," ó sì lọ jókòó. Mo sọ nínú ara mi pé ẹ̀kọ́ ilé wọ́n níbí o. Àṣé ohun tí Chloe ṣe yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí ǹ bá kọ́ Àánú.

Ní Sátidé kan lóṣù tó kọjá, a lọ bá ẹgbẹ́ kan ta kàǹgbọ̀n ní Ashton-under-Lyne. Bí a bá borí, a ó wọ ìpele àṣekágbá. Àánú ti jù fún ìnínsì márùn-ún nínú méje nígbà tí mo rí i tó ń fi ọwọ́ òsì pa èjìká ọ̀tún. Chloe wà níbẹ̀ tó ń na apá, mi ò pè é. Mo bi Àánú pé, "Apá ńkọ́?" Ó ní, "It's fine, mà." Mo ní, "Ṣé wàá lè parí ẹ̀?" Ó ní, "Yes, mà." Mọ̀nsúrát, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tí èmi náà fi ń dá kóòṣì wa lóhùn ni. Síbẹ̀ mo ní kó padà sórí pápá. Bọ́ọ̀lù kẹta ló jù tí apá náà fi rọ jọwọlọ.

Iṣan èjìká ló já. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní yóò lè kọ̀wé, yóò lè wẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù jíjù ti tán, fún ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí mo wọ wọ́ọ̀dù, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè kúnlẹ̀, pẹ̀lú apá tí wọ́n so mọ́ ọn láyà. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ká wọ àṣekágbá." Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí rẹ. O rántí àṣekágbá wa ní yunifásítì? O ṣí ìbòjú irin tí o fi ń hán bọ́ọ̀lù, o rìn lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, kóòṣì tí gbogbo wa ń gbọ̀n fún. O kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá Dùnsìn ti kú. Mi ò ní hán bọ́ọ̀lù ẹ̀ mọ́." O sì lọ jókòó sórí koríko. O kúnlẹ̀, o sì kọ̀. Mi ò mọ̀ títí di oṣù tó kọjá pé èèyàn lè ṣe méjèèjì. Wọ́n yọ mí, ife bọ́ lọ́wọ́ wa, mo pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ, mo wà ní Ìlọrin, ní ilé àǹtí mi. Mi ò wá.

Apá ọjọ́ náà ni mo fi gbé Níkẹ́ ọmọ mi, òun ni mo fi ń dirun fún un, òun ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Ìwọ lo bá mi dá a sí. Jọ̀wọ́, foríjì mí. Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ìparí sáà yìí ni n ó lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí apá àwọn ọmọ rẹ rọ. Lọ́jọ́ tí ẹnu wọn bá wúwo, ẹni tí yóò gbẹnu wọn sọ̀rọ̀ kò ní wọ́n wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Olúwadùnsìn.

Àfikún: Mo fi òfin kan lélẹ̀ kí n tó lọ. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá rí i pé apá ń dun ẹni tó ń jù, kó jókòó sórí koríko. Mo gbọ́dọ̀ yọ ẹni tó ń jù náà, mi ò sì gbọdọ̀ béèrè ìdí. Àwọn ọmọ ní kí lorúkọ òfin náà, mo ní Mọ̀nsúrát. Ní Sátidé àná, Chloe ń jù, ó ń fajú ro, mo sì ń sọ fún un pé kó fi ẹyọ kan kún un. Àánú, tí wọ́n ṣì fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ lọ́rùn, dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó sórí koríko tútù, ó wò mí lójú kòrókòró, ó ní, "Mọ̀nsúrát." Kò fi "mà" kún un. Inú mi dùn títí mo fi sunkún.