Ọkọ̀ tí Bàbá Rẹ ń Fìka Wà

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ilé kí ọ, gbogbo wa ń mí. Ẹni tó ti ń ṣọ́ ọ láti inú oyún kò ní sùn lé ọ lórí. Ìdí tí lẹ́tà yìí fi pẹ́ ni pé ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi, bí mo bá ti jókòó báyìí, oorun ni.

Ọ̀rọ̀ géèmù ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé látìgbà tí àìsàn ti mú wọn lápá ọ̀tún ni wọn ò ti wa tírélà mọ́, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gidi. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n nílé ní kí wọ́n máa fún bọ́ọ̀lù kékeré kan lọ́wọ́ kí ìka lè bọ̀ sípò, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ wá dé, ó kọ́kọ́ béèrè orúkọ. Mo ní a kì í pàdé èèyàn ká má kí i, mo bá tẹ Ẹ kú iṣẹ́ kí n tó tẹ orúkọ, àfi bó ṣe gba ti àkọ́kọ́ tó sì tilẹ̀kùn. Ẹ Kú Iṣẹ́ ló ń pe bàbá rẹ títí dòní, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni Ẹ Kú Iṣẹ́ sì máa ń wà.

Kò lè ṣe kó má wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá dojú dé níwájú, bàbá rẹ á páàkì, wọ́n á ní awakọ̀ gidi kì í fi ẹni tó wà nínú ewu sílẹ̀ lọ. Ìka ọ̀tún tí wọ́n fi ń tẹná kí ọkọ̀ lè sáré náà kò sì mọ díẹ̀díẹ̀, àfi kó tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ tàbí kó má tẹ̀ ẹ́ rárá, bí wọ́n bá ti dé kọ́nà, ọkọ̀ á máa yí bí òkòtó. Lọ́jọ́ kan mo rí i tí ọwọ́ wọn méjèèjì ń gbọ̀n. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo sáré pe nọ́ọ̀sì, mo ní àìsàn ti dé apá kejì. Nọ́ọ̀sì dé, ó gba páàdì tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kígbe pé ó ti ràn án. Ó ní páàdì ló ń gbọ̀n, pé ọkọ̀ ló yà sínú koríko. Mo lọ ṣa ìgbálẹ̀ mi.

Télọ̀ tó gba yàrá iwájú ilé wa ló là wọ́n lójú. Ó wò wọ́n títí, ó ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, bí òun bá ń rán ọrùn aṣọ, kí òun tó dé kọ́nà lòun ti ń dẹ ẹsẹ̀ lórí máṣíìnì, bí òun bá dúró dìgbà tí òun wọ inú ẹ̀, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n tẹ búrẹ́kì nígbà tí ọ̀nà ṣì tọ́, kí wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ ìta wọ kọ́nà, kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan inú, kí wọ́n tún jẹ́ kó gbé wọn síta, kí wọ́n wá máa tẹná bí ẹni fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. Bàbá rẹ bínú, wọ́n ní ta ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kọ́ àwọn ní ọkọ̀. Ó jáde tán, wọ́n dán an wò, mo ń yọjú láti ilé ìdáná. Yíyí ọ̀nà eré náà po lẹ́ẹ̀kan, tó máa ń gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò tó ìṣẹ́jú méjì mọ́.

Ọkọ̀ kan wà nínú géèmù náà tó rí bí èéfín, tó máa ń sáré níwájú wọn, kò séèyàn nínú ẹ̀. Mo gbàdúrà lé e lórí, kò lọ. Télọ̀ ní bàbá fúnra wọn ni, bí wọ́n ṣe sáré lánàá ló ń fi hàn wọ́n. Mo ní kí ló dé tí arúgbó á máa lé àná kiri.

Bí wọ́n ṣe wá ń lé e bá, wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ wọ̀, wọ́n lọ bá ọ̀gá tó ni tírélà pé ara àwọn ti yá. Ọ̀gá ò jiyàn, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n gòkè, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di jíà mú, agbára ọwọ́ ò tó, jíà ò mira, níṣojú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wálé, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tutù, mo gbé e kaná, ó tún tutù. Mò ń gbọ́ tiwọn, mò ń gbọ́ tilé, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tèmi.

Nígbà tó sú mi, mo gbé páàdì fúnra mi. Mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Mo kọlu ògiri, mo padà sẹ́yìn, mo tún kọlu ògiri kan náà, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá nítorí ọkọ̀ ni. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní búrẹ́kì mi ti pẹ́ jù. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, mo tún kọlù ú. Wọ́n bá dìde. Wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n gbé ìka ọ̀tún yẹn lé ìka mi, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí a fi yọ ní kọ́nà náà láìfara kan nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì ní ìka ti ń gbọ́ràn, àmọ́ ti tírélà ti tán. Bàbá rẹ náà ti gbà bẹ́ẹ̀.

Jọ̀ọ́, bí owó oṣù bá wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún iná, ẹ̀rọ rẹ ń mu iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bá wa ra páàdì kejì, bàbá rẹ ní kí èmi náà máa sáré tẹ̀lé àwọn. Owó tí o fi ránṣẹ́ nígbà tó kọjá dín kó tó dé, ó ní láti jẹ́ pé díẹ̀ já bọ́ lọ́nà, nítorí náà dì í dáadáa kí o tó kì í bọnú fóònù.

Ọ̀nà rẹ kò ní yọ̀. Ibi tó bá yẹ kí o ti dẹsẹ̀ dúró, Ọlọ́run á fi hàn ọ́ kí o tó débẹ̀. Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ìwọ náà á rí ẹni tó máa jókòó tì ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ. Mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, àmọ́ bàbá rẹ ti ń pè mí pé páàdì ti kàn mí.